Èjìká Tó Kọ̀ Tí Kò Gòkè

Onígbàjámọ̀ ni ọkùnrin náà, orí àwọn èèyàn ló sì fi ń jẹun. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ làwọn oníbàárà ń pè é, torí pé tó bá ń gẹ irun lọ́wọ́, àgbàlagbà á sùn lọ lórí àga, itọ́ á sì máa yọ́ ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: àga méjì tó ń yí, dígí ńlá kan tí igun rẹ̀ ti sán, àti pẹpẹ lókè tó ń to kílípà àti ìpara sí. Ṣúmékà kan wà lẹ́yìn ògiri rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-ti-wí. Kò sí nǹkan tó lè ṣẹlẹ̀ láyé tí bàbá yẹn kò ní sọ pé òun ti wí i tẹ́lẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ó ti wí. Bí òjò bá ṣú tí kò rọ̀, ó ti wí ìyẹn náà.

Àbúrò kan ṣoṣo tí Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ní, obìnrin, nọ́ọ̀sì ni ní ibùdó ìlera tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó pẹ́ tó ti ń yọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu pé kó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà àrùn ẹ̀dọ̀, èyí tó máa ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ran èèyàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ lẹ fi ń ṣiṣẹ́," ló máa ń sọ. "Orí oníkálùkù lẹ ń fá. Ẹ̀jẹ̀ bíńtín báyìí, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn."

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, ó sì lọ. Lọ́jọ́ náà, èrò kún ibùdó yẹn débi pé àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nọ́ọ̀sì ti ń gún èèyàn láti àárọ̀, òógùn ti bò ó níwájú orí. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá abẹ́rẹ́, wọ́n sì tì í mọ́ ògiri, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, apá òsì rẹ̀ á fara ti ògiri pinpin.

"Apá òsì ni kó o gún," ni Ọwọ́ẹ̀rọ̀ wí. "Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń ṣiṣẹ́."

"Ibo ni n óò gbà débẹ̀? Ẹ má wulẹ̀ dìde, ẹ ò rí èrò níta ni? Bí ìgbà tí èèrà bá ge èèyàn jẹ ni."

Apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún, kò ṣeé ká sókè. Nọ́ọ̀sì bá fa ọrùn aṣọ náà wálẹ̀ lórí èjìká rẹ̀, ó dúró lé e lórí, ó sì gún un. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ta gìrì. Ìyẹn kì í ṣe èèrà. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì ti wọlé kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ.

Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, èjìká náà ti ń ro ó kíkankíkan. Gbogbo ẹni tó sọ fún ló ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé kò ní pẹ́ lọ. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ó lo oògùn ìrora, ó dúró dè é kó lọ. Kò lọ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ìrora náà kàn ń jókòó dáadáa sí i ni, bí àlejò tó ti tú ẹrù rẹ̀.

Kì í ṣe pé ó ń dùn ún ní gbogbo ìgbà. Tí apá bá wà nílẹ̀, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n kó kàn gbìyànjú láti gbé e kọjá àyà báyìí, nǹkan kan á há lókè èjìká, ìrora á sì ta gìrì dé ìgbọ̀nwọ́. Kò lè dá ṣẹ́ẹ̀tì wọ̀. Kò lè họ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Tó bá fẹ́ fọ abíyá òsì, ọwọ́ ọ̀tún kò dé ibẹ̀. Tó bá fẹ́ fọ ti ọ̀tún, apá ọ̀tún kò gòkè. Bó bá fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn láìmọ̀, ó ń jí pẹ̀lú igbe.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ilé ló sì ti ń ránṣọ. Ó ń bá a wọ apá ṣẹ́ẹ̀tì láràárọ̀, ó ń bá a gbé nǹkan sọ̀ kalẹ̀ látorí pẹpẹ ilé ìdáná. Lọ́jọ́ kan ó ṣàwàdà.

"Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Tàgbà ilé wa náà ò tó o mọ́ báyìí."

Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ apá aṣọ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ dá a wọ̀, ó há sí àárín, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ṣẹ́ẹ̀tì lára àti ojú tó pọ́n.

"Dádì, ẹ má bínú," ni ìyàwó wí. "Mo kàn fẹ́ kára tù yín ni."

"Kára tù mí? Ṣé o mọ bó ṣe ń ṣe mí ni? Gbogbo yín lẹ rò pé mo ń ṣe ọmọdé!"

Kò sẹ́ni tó rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n lè rò, ìyẹn gan-an ló sì ń bí i nínú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, wọ́n á rí ẹsẹ̀ náà. Èjìká tirẹ̀ kò wú, kò pọ́n, kò sí ojú egbò. Ẹni tó bá wò ó á ní, "Ara yín mà le dáadáa!"

Ó lọ rí dókítà. Dókítà náà kọjú sí ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀, ó ń tẹ nǹkan, ó bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì mi orí.

"Ọjọ́ orí ni. Tí èèyàn bá ti ń dàgbà, oríkèé á máa ráhùn."

"Dókítà, kí wọ́n tó gún mi lábẹ́rẹ́, apá yìí ń gòkè. Ọjọ́ tí wọ́n gún mi tán, kò gòkè mọ́. Ṣé alẹ́ ọjọ́ kan ni mo darúgbó?"

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó kọ oògùn ìrora fún un. Kò fọwọ́ kan èjìká náà rárá.

Ibi iṣẹ́ wá le jù. Irun gígẹ̀, òkè lapá máa ń wà. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì ti ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn, ó ń gẹ irun bí ẹni ń gbé igi tó wúwo. Àwọn oníbàárà ń wò ó nínú dígí, wọn kò sùn mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé-ìwé kan wọlé. Bàbá náà ti ń bá a bọ̀ tipẹ́. Ó fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ tí wọ́n máa gbé kọ́ sí ọ́fíìsì ilé-ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọ̀gá tó ti jẹ sẹ́yìn.

"Ọwọ́ẹ̀rọ̀, má gẹ̀ ẹ́ jù o. Kó kàn mọ́ nigínnigín ni."

Ó ń lọ dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti parí. Ó ku àárín orí. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ gbé kílípà sókè, ìrora náà ta, apá rẹ̀ já wálẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kílípà sì la ọ̀nà gbọọrọ kan láti àárín orí ọ̀gá ilé-ìwé títí dé iwájú orí.

Bàbá náà wo dígí. Ó gbé ọwọ́ lé ojú ọ̀nà náà, bí ẹni pé ọwọ́ lè sọ nǹkan mìíràn fún un ju ohun tí ojú rí lọ.

"Ọwọ́ẹ̀rọ̀, kí lo ṣe fún mi?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èjìká mi ni..."

"Fọ́tò tí wọ́n máa gbé kọ́ síbẹ̀ títí láé! Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí á máa fi mí rẹ́rìn-ín!"

Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n fá gbogbo rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà jáde pẹ̀lú orí dídán, kò dágbére. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ jókòó sórí àga tó ṣófo, ó ń wo irun funfun tó wà nílẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò ba orí ẹnikẹ́ni jẹ́ rí. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ fi ọwọ́ bojú, ọwọ́ òsì nìkan ló sì dé ibẹ̀.

Mo-ti-wí ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, bàtà kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àbúrò, mo ti wí. Mo ní kó o má gba nǹkan yẹn. Wàá rí i, ìyẹn tún kéré."

"Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ pé kí n má gbà á. Ẹ ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo fẹ́ gbà á."

"Mo wí i nínú mi."

Láti ọjọ́ náà, Mo-ti-wí fi èjìká Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ṣe ìwàásù. Gbogbo ẹni tó gbé bàtà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ: ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ògiri yìí gba abẹ́rẹ́, apá rẹ̀ sì rọ. Àwọn kan á wá sí ṣọ́ọ̀bù láti wá wo apá tó rọ, wọn kò sì ní gẹ irun. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ á ní apá òun kò rọ, pé ó kàn ń dùn òun ni, pé òun kò ní kẹ́nikẹ́ni má gba abẹ́rẹ́. Wọ́n á mi orí pẹ̀lú àánú, wọ́n á sì máa lọ tan ohun tí wọ́n bá wá kálẹ̀.

Kò pẹ́ tí Nọ́ọ̀sì fi já wọ ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù funfun lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń sọ kiri nípa mi?"

"Kí ni mo sọ?"

"Wọ́n ní mo gún yín, apá yín sì rọ. Òní lọjọ́ abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́. Ìyá tó gbọ́mọ wá, wọn ò kún bẹ́ǹṣì kan. Ọ̀gá wa bi mí léèrè níṣojú gbogbo èèyàn."

"Èmi ò bá ẹnikẹ́ni sọ pé kó má wá. Mo ní èjìká ń dùn mí. Ṣé ìyẹn náà ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni mo gún lọ́jọ́ náà. Kí ló dé tó fi jẹ́ tiyín nìkan ló ń dùn?"

"Bi èjìká, má bi mí!"

Orí Mo-ti-wí yọ lẹ́nu ọ̀nà. "Mo ti wí pé..."

"Ẹ dákẹ́!" Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló jágbe mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo-ti-wí fa orí rẹ̀ padà bí ìjàpá.

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omi ti lé sí i lójú. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ rán mi nílé-ìwé. Ẹ̀yin náà lẹ tún fẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Ó yí padà, ó lọ.

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tí kò fẹ́ abẹ́rẹ́ ń fi í ṣe ẹlẹ́rìí, àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ ń pè é ní elénìní. Èjìká náà gan-an, kò sẹ́ni tó bi í léèrè mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló gbọ́ lẹ́nu oníbàárà kan pé obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn ńlá tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ní òun kò lọ, pé ó ti sú òun kí wọ́n máa sọ fún òun pé òun ti darúgbó. Ìyàwó kò jiyàn. Ó kàn kó aṣọ tó ń rán kúrò lórí ẹ̀rọ, ó wọ bàtà rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n jọ lọ.

Obìnrin náà kéré lára, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí irin. Kò wo ẹ̀rọ kankan. Ó ní kí Ọwọ́ẹ̀rọ̀ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ní kó gbé apá sókè, ó wo ibi tó dúró sí. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ gbé e, ó rọra yí i, ó ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń rún.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ wo ìyàwó rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sọ ọ́. "Ọjọ́ tí mo gba abẹ́rẹ́."

Ó dúró de ẹ̀rín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi ìka kan ibi tí abẹ́rẹ́ wọlé sí fún mi."

Ó fi ìka kàn án, lókè pátápátá, lábẹ́ ibi tí eegun èjìká ti yọrí.

"Ẹ̀yin jókòó, ẹni tó gún yín dúró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọ́n fa ọrùn aṣọ wálẹ̀ ni, àbí ẹ bọ́ ọ?"

"Wọ́n fà á wálẹ̀."

Ó mi orí. Ó ní abẹ́rẹ́ náà ga jù. Ibi tó yẹ kó wọlé sí ni ẹran apá, nísàlẹ̀ díẹ̀, níbi tó ki. Èyí wọ inú oríkèé, níbi tí àpò omi kékeré kan wà tó ń jẹ́ kí eegun àti iṣan máa yọ̀ lórí ara wọn. Ibẹ̀ ló bínú, tó wú sínú, tí èjìká sì ń gan.

"Oògùn yẹn kọ́ ló ṣe yín," ló wí. "Ibi tí wọ́n gún un sí ni. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó máa ń ṣẹlẹ̀."

Ìyàwó Ọwọ́ẹ̀rọ̀ kọjú sí fèrèsé kó lè fún un láyè. Ara tu Ọwọ́ẹ̀rọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, torí pé ìrora rẹ̀ ti wá ní ẹni tó fà á báyìí, ọmọ ìyá rẹ̀ sì ni.

"Ṣé ó máa san?"

"Á san. Àmọ́ kò ní yá, ẹ sì máa ṣiṣẹ́ fún un. Bí kò bá lọ dáadáa, dókítà lè fún yín lábẹ́rẹ́ kan sínú oríkèé náà..."

"Abẹ́rẹ́!" Ọwọ́ẹ̀rọ̀ fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. "Màdáámù, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́."

Láti ibẹ̀, ilé Nọ́ọ̀sì ló gbà lọ. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ máa lọ sílé. Ó ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tó le. Ó bá Nọ́ọ̀sì níbi tó ti ń lọ yunifọ́ọ̀mù. Obìnrin náà kí i, kò gbé ojú sókè.

"O gún un sókè jù," ni Ọwọ́ẹ̀rọ̀ wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó tí mo ti ń gún abẹ́rẹ́?"

"Wá síbí. Wá fọwọ́ kàn án."

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ìka rẹ̀, ó fi í sí ojú ibẹ̀. Ó sọ gbogbo ohun tí obìnrin ilé ìwòsàn sọ. Ìka Nọ́ọ̀sì dúró níbẹ̀. Ó tẹ eegun, ó sún ìka wá sísàlẹ̀ síbi tó yẹ kó wà, ó tún dá a padà sókè. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Mo dúró," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Èrò pọ̀. Mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì."

"Mo ní apá òsì, o ní kí n má dìde."

"Mo ní kẹ́ ẹ má dìde." Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Mo sì wá pariwo lé yín lórí ní ṣọ́ọ̀bù."

Gbogbo ọ̀rọ̀ líle tí Ọwọ́ẹ̀rọ̀ tò sẹ́nu kò wúlò mọ́, ìyẹn náà sì tún bí i nínú. Ó ti gbé ìbínú náà rìn jìnnà, kò wá rí ibi tó máa sọ̀ ọ́ sí.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ máa lọ fẹjọ́ mi sùn?"

"Èmi ò mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan nínú yín gbà pé mi ò purọ́."

"Ẹ ò purọ́."

Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n bá a wí dáadáa, wọ́n sì fi í kúrò nídìí abẹ́rẹ́ fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fa àga náà kúrò lára ògiri, wọ́n sì gbé àpótí kan síbẹ̀ kí ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ máa jókòó. Ẹni tí apá aṣọ rẹ̀ bá fún, wọ́n á ní kó bọ́ ọ, ì báà jẹ́ ọba. Nígbà tí wọ́n dá Nọ́ọ̀sì padà sídìí iṣẹ́, ó lọ bá Mo-ti-wí níbi tó ti ń kan bàtà, ó ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ fún un, pé àjẹsára kò lẹ́bi, òun lòun gún un síbi tí kò yẹ.

Mo-ti-wí fi òòlù lélẹ̀, ó ronú. "Ohun tí mo ti ń wí bọ̀ látọjọ́ yìí náà nìyẹn. Pé ibi tí wọ́n gún un sí ni."

Àjẹsára náà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan; èyí tó kù fún Ọwọ́ẹ̀rọ̀, apá òsì ni wọ́n gún un sí. Kó tó gbà á, ó bá àbúrò rẹ̀ jiyàn títí, ó wọn ibẹ̀ pẹ̀lú ìka tirẹ̀, ó ní kó sún sísàlẹ̀, ó tún ní kó má sún jù. Nọ́ọ̀sì fara dà á. Kò dùn ún ju bó ṣe yẹ lọ.

Ti apá ọ̀tún kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀ ni Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ń dúró níwájú ògiri yàrá, ó ń fi ìka gun òkè bí aláǹtakùn, ó ń ṣépè fún obìnrin ilé ìwòsàn, ó ń ṣépè fún ògiri. Ní ọ̀sẹ̀ kan ó gòkè díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò kúrò lójú kan. Ó gbé kílípà wálé lẹ́ẹ̀kan láti dán apá wò, ó jù ú mọ́lẹ̀, ó ní òun kò ṣe mọ́, ìyàwó rẹ̀ bá a mú un, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ dé ojú etí. Lẹ́yìn ìyẹn ó dé òkè orí. Títí di òní, kò tíì dé ẹ̀yìn.

Àwọn oníbàárà kan kò padà wá. Àwọn tó kù, ó ti gé ẹsẹ̀ àga kan kúrú fún wọn, kí orí wọn lè wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ga jù á jókòó bí ẹni fẹ́ fọ aṣọ, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Bí irun kan bá gbà á lákòókò, ó ń dúró láàárín, ó ń sọ apá kalẹ̀.

Lọ́sàn-án àná, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí jókòó sórí àga náà. Nígbà tí kílípà dákẹ́, ó wo dígí, ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣì kún.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti parí ni?"

"Rárá," ni Ọwọ́ẹ̀rọ̀ wí. "Jókòó jẹ́ẹ́. Èjìká ló ń sinmi."